Iná alẹ́, òkìtì gàrí àti àrùn èéyi: Báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tí èrò kún jọ sí ní Niamey?

Bí òjò bá ti dá ní Niger, tí wọ́n ti kórè jéró, tí wọ́n sì ti kó o wọ abà, èrò a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Niamey. Àwọn tó ti wà lóko láti nǹkan bí oṣù Kẹfà a wá wáṣẹ́ ṣe nílùú títí òjò mìíràn yóò fi dé. Ilé tó gba àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ a wá há.

Kò sí ẹni tó dúró lójú ọ̀nà tó ń ka àwọn tó ń wọlé. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì tó ń kọjá lójú ọ̀run lálẹ́ rí nǹkan kan: iná ìlú náà ń mọ́lẹ̀ sí i.

Ní àsìkò kan náà yìí ni àrùn èéyi, tí àwọn kan ń pè ní ìta, tí àwọn dókítà sì ń pè ní measles, máa ń tàn káàkiri láàárín àwọn ọmọdé.

Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ìbéèrè tó wà nídìí iṣẹ́ wọn rọrùn láti bi, àmọ́ ó ṣòro láti dáhùn: ibo ni èèyàn kún jọ sí jù, ìgbà wo ni wọ́n sì ń kún jọ síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bí orúkọ inú ìwé ṣe ń di òkè tí ojú lè rí, àti ibi tí òkè náà ti lè tan èèyàn jẹ.

Àwọn tó kó o lé ní 10,000

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, èéyi bẹ́ sílẹ̀ ní Niamey. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2004, àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé àrùn náà mú ti lé ní 10,000. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Èéyi wà lára àwọn àrùn tó ń ràn jù lọ láyé. Láàárín àwọn tí kò ní àjẹsára, àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ẹnì kan ṣoṣo lè kó o ran èèyàn 12 sí 18. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́ tàbí tó sín nínú yàrá, kòkòrò àrùn náà lè wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹni náà ti jáde lọ.

Ọmọ tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ ló máa ń fojú winá rẹ̀ jù. Ó lè fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ó lè fọ́ ọmọ lójú, ó sì lè pa á.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ nǹkan bí èèyàn 95 nínú 100 gbọ́dọ̀ ti gbà á kí àrùn náà má bàa rí ọ̀nà gbà.

Ní Niamey lọ́dún náà, ọ̀pọ̀ oṣù ti kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ogunlọ́gọ̀ àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ láti dá àjàkálẹ̀ àrùn náà dúró. Rebecca Grais ti ilé ìwádìí Epicentre, tó jẹ́ ti àjọ Médecins Sans Frontières, àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé abẹ́rẹ́ tó pẹ́ dé gba àwọn ọmọ kan là lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá tètè dé ì bá ti gba ọmọ tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ là.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "ibo" àti "ìgbà wo" kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dé, kàlẹ́ńdà ilé ìwé ni èéyi ń tẹ̀ lé. Tí àwọn ọmọ bá wọlé, àrùn a gbéra. Tí wọ́n bá gba ọlidé, a rọlẹ̀.

Ní Niger, ọ̀rọ̀ oko ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran sísìn ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aráàlú gbójú lé, òjò kò sì ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Nígbà náà, kálukú wà lóko. Tí òjò bá ti lọ, oko kò ní iṣẹ́ mọ́, àwọn èèyàn a sì gba ìlú lọ. Àwọn Haúsá ní orúkọ tí wọ́n ń pè é: cin rani, ìyẹn ni pé kéèyàn lọ jẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbòmíràn.

Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó bá gbé Èkó rí mọ̀ bí títì ṣe máa ń dá nígbà Kérésìmesì, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gba ìlú wọn lọ. Iye èèyàn tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún Èkó kò yí padà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn èèyàn gan-an ni kò sí nílé.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Niger ka àwọn aráàlú rẹ̀ lọ́dún 2001, ó tún kà wọ́n lọ́dún 2012. Ìkànìyàn kò lè sọ ẹni tó dé ní oṣù Kejì tó sì padà lọ ní oṣù Kẹfà. Bẹ́ẹ̀, àárín oṣù méjèèjì yìí gan-an ni àrùn ń jà.

Ohun tí sátẹ́láìtì rí

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Science gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde. Nita Bharti ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Andrew Tatem, Matthew Ferrari, Rebecca Grais, Bryan Grenfell àti Ali Djibo tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ètò ìlera Niger wà lára wọn.

Wọ́n kó àwọn àwòrán iná alẹ́ tí sátẹ́láìtì DMSP ti Amẹ́ríkà yà láàárín ọdún 2000 sí 2004. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe sátẹ́láìtì náà kí wọ́n lè máa fi wo ìkùukùu, kò sì sẹ́ni tó ní in lọ́kàn nígbà náà pé yóò wúlò fún àrùn ọmọdé. Wọ́n fi àwọn àwòrán náà wé àkọsílẹ̀ àwọn tí èéyi mú ní ìlú mẹ́ta: Niamey, Maradi àti Zinder.

Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ìmọ́lẹ̀ ìlú ṣe ń lọ sókè sódò láàárín ọdún bá bí èéyi ṣe ń lọ sókè sódò mu dáadáa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná pọ̀, àrùn pọ̀. Nígbà òjò, méjèèjì rọlẹ̀. Wọ́n tún wọ inú Niamey fúnra rẹ̀, wọ́n wo àwọn kọ́múùnù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kì í ṣe gbogbo àdúgbò ni èrò ń kún lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwòrán iná yìí kì í ṣe fọ́tò lásán. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n gé sí àpótí àpótí, nọ́mbà kan sì wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Nínú irú àwòrán DMSP tí àwọn olùwádìí máa ń lò jù, òdo ni òkùnkùn biribiri, 63 sì ni iná tó mọ́lẹ̀ jù. Bí wọ́n bá ní kí kọ̀ǹpútà fi gíga ṣe àmì nọ́mbà kọ̀ọ̀kan, pẹrẹsẹ tó di òkè ni yóò jáde: àárín ìlú ni ṣóńṣó òkè, ẹ̀yìn odi ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀, igbó ni pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló ní àpótí àpótí nílẹ̀. Nílé ìwòsàn, orúkọ ni wọ́n ní: ọmọ kan níbí, ọmọ méjì lọ́hùn-ún. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ èyí náà di òkè?

Òkìtì gàrí lórí ẹní

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ya àwòrán Niamey sórí ẹní ńlá kan. Ìyá oní-gàrí kan dúró tì í pẹ̀lú kóńgò kékeré lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ ọmọ kan tó ń ṣàìsàn, yóò da kóńgò gàrí kan sí ojú ibi tí ilé ọmọ náà wà.

Ọmọ kan ní Yantala, kóńgò kan. Ọmọ mìíràn ní Talladjé, kóńgò kan. Bí ilé méjì bá jìnnà síra, òkìtì kéékèèké méjì ni yóò wà nílẹ̀. Bí ilé mẹ́wàá bá wà nítòsí ara wọn, àwọn òkìtì náà a gùn ún lórí ara wọn, wọn a sì di òkè kan tó ga.

Kò sí ohun mìíràn tí kọ̀ǹpútà ń ṣe. Òkìtì kékeré tó wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kernel. Àròpọ̀ gbogbo wọn ni òkè tí wọ́n ń wá. Murray Rosenblatt kọ nípa ọ̀nà yìí lọ́dún 1956, Emanuel Parzen tẹ̀ lé e lọ́dún 1962, Bernard Silverman sì kọ odidi ìwé kan lé e lórí lọ́dún 1986.

Iṣẹ́ tó ṣòro fún wọn nígbà náà ti di iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá fún kọ̀ǹpútà alágbèéká òní. Èdè kọ̀ǹpútà kan tó gbajúmọ̀ fún un ni R. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Auckland, lórílẹ̀-èdè New Zealand, láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n kà sí èyí tó pé jáde ní ọjọ́ 29, oṣù Kejì, ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni: ẹni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì ní Niamey, Cotonou tàbí Ọ̀ṣogbo lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láì san kọ́bọ̀.

Àṣẹ méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Èyí àkọ́kọ́ ni kde2d, tó wà nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní MASS. Ohun ni ìyá oní-gàrí. Yóò pín ilẹ̀ sí ojú 25 ní ìbú àti 25 ní òró, tí ẹni tó ń lò ó kò bá sọ ohun mìíràn fún un. Ojú ibi 625 nìyẹn, yóò sì ṣírò bí òkìtì ṣe ga tó ní ojú kọ̀ọ̀kan.

Àṣẹ kejì ni persp. Ohun ló ń ya òkè náà. Yóò fi ìlà so àwọn ojú 625 yẹn pọ̀, bí ìgbà tí apẹja da àwọ̀n bo òkìtì iyanrìn. Ẹni tó ń lò ó ló máa sọ igun tó fẹ́ máa wò ó láti, àti bóyá òun fẹ́ wò ó láti òkè tàbí láti ẹ̀gbẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi òkè gidi kọ́ ọ. R ní àkọsílẹ̀ gíga òkè ayọnáyèéfín kan tó wà ní Auckland, tí wọ́n ń pè ní Maunga Whau, nínú. Ihaka fúnra rẹ̀ ló wò ó kọ láti inú máàpù, ní ìlà 87 àti òpó 61. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya òkè yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya òkè àrùn.

Ibi tí òkè ti lè tan èèyàn jẹ

Àwòrán òkè dùn ún wò, ó sì máa ń tètè yé àwọn aláṣẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Ohun mẹ́rin ló wà tí ẹni tó ń yà á gbọ́dọ̀ mójú tó.

Àkọ́kọ́ ni bí òkìtì ṣe fẹ̀ tó. Bí ìyá oní-gàrí bá da kóńgò rẹ̀ sójú kan ṣoṣo, òkìtì náà a ga, a sì rí ṣóńṣó. Gbogbo ilé a dà bí òkè, títí kan ilé tí ọmọ kan ṣoṣo ti ṣàìsàn. Bí ó bá sì fọwọ́ tẹ́ gàrí náà lọ jìnnà, àdúgbò méjì tó yàtọ̀ síra a di òkè kan ṣoṣo, àdúgbò kékeré tí àrùn ti ń jà a sì pòórá sínú rẹ̀. Bandwidth ni àwọn onímọ̀ ń pe ìfẹ̀ yìí. Silverman àtàwọn mìíràn ti ṣe òfin tó lè ran èèyàn lọ́wọ́ láti yàn án, àmọ́ òfin náà kò mọ Niamey. Ẹni tó mọ ìlú ló gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó bá ohun tó wà nílẹ̀ mu.

Ìkejì, òkè tó wà níwájú máa ń bo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ya òkè Niamey láti apá gúúsù, àdúgbò tó wà ní àríwá lè fara pa mọ́ sẹ́yìn ṣóńṣó àárín ìlú. Nítorí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í ya àwòrán kan ṣoṣo. A yí òkè náà wò láti igun mìíràn, a sì tún ya máàpù pẹrẹsẹ tó ní àwọ̀, kí ohunkóhun má bàa pamọ́.

Ìkẹta, òkè àrùn lè má ju òkè èèyàn lọ. Níbi tí ọmọ pọ̀ sí, àwọn tó ń ṣàìsàn níbẹ̀ á pọ̀, kódà bí ewu ibẹ̀ kò bá ju ti ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ewu pọ̀ sí ní láti ya òkè méjì, ọ̀kan fún àwọn aláìsàn, ọ̀kan fún gbogbo ọmọ tó ń gbé ibẹ̀, kó sì fi ọ̀kan pín èkejì. Ibi tí òkè àkọ́kọ́ bá ti yọ ju bó ṣe yẹ lọ ni kó máa wò. Kó sì rántí pé nọ́mbà gíga tí kde2d ń gbé jáde kì í ṣe iye ọmọ. Kọ̀ǹpútà ti dín gbogbo gàrí kù títí àpapọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ ẹyọ kan. Ìpín ló ń sọ, kì í ṣe iye.

Ìkẹrin ni pé iná kì í ṣe èèyàn. Ọ̀pọ̀ ilé ní Niger ni kò ní iná mànàmáná rárá, sátẹ́láìtì kò sì lè rí ẹni tó jókòó sínú òkùnkùn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ìmọ́lẹ̀ ibì kan ṣe ń yí padà láti oṣù dé oṣù ni àwọn olùwádìí náà gbájú mọ́, dípò kí wọ́n kàn sọ pé ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni èèyàn pọ̀ sí jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2023 fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní oṣù Keje ọdún náà, Nàìjíríà gé iná tó ń fún Niger. Nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iná tí Niger ń lò ló ń ti Nàìjíríà wá, nítorí náà òkùnkùn ṣú bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Niamey. Ká ní ẹnì kan jókòó sí ọ̀nà jíjìn tó ń fi iná nìkan ka èèyàn lóṣù yẹn, yóò rò pé wọ́n ti kó ẹrù wọn kúrò nílùú. Bẹ́ẹ̀, wọ́n wà nílé, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn.

Kí ni èrè rẹ̀ fún ọmọ tó wà ní Niamey?

Láti ìgbà tí wọ́n ti ya àwọn àwòrán inú ìwádìí yẹn, ojú tó ń wo iná alẹ́ ti mọ́ sí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì Suomi NPP ránṣẹ́ sójú ọ̀run, èyí tó ń rí iná kedere ju DMSP lọ. Andrew Tatem ló ń darí WorldPop ní yunifásítì Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe máàpù bí èèyàn ṣe pọ̀ tó káàkiri àgbáyé, tí wọ́n sì ń fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Niamey fúnra rẹ̀, irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àti ìwádìí AGRHYMET wà, tí àwọn orílẹ̀-èdè Sahel dá sílẹ̀ lọ́dún 1974 lẹ́yìn ọ̀dá ńlá ìgbà náà. Ibẹ̀ náà ni ACMAD, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1987, fìdí kalẹ̀ sí. Lójoojúmọ́ ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ nọ́mbà òjò àti ọ̀dá di àwòrán ilẹ̀ tí àgbẹ̀ àti ìjọba lè lò.

Ohun tí òkè tí kọ̀ǹpútà yà lè ṣe fún ètò ìlera kò ṣòro láti rí. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èrò ń kún Niamey láti ìgbà tí ìkórè bá ti parí, abẹ́rẹ́ lè ti wà nílẹ̀ kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó wọra. Bí wọ́n bá sì mọ àdúgbò tí èrò kọ́kọ́ ń kún, wọ́n mọ ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì yóò ti kọ́kọ́ gbé tábìlì kalẹ̀.

Abẹ́rẹ́ èéyi gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nínú ìlú tí oòrùn rẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 40 ní oṣù Kẹrin. Kò ṣeé kó kiri láìmọ ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Kúlà kan tó dé àdúgbò tó yẹ ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ sàn ju mẹ́wàá tó dé nígbà tí àwọn ọmọ ti ṣàìsàn tán.

Èrò tún ń bọ̀ ní Niamey lẹ́yìn ìkórè ọdún yìí, bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún. Ìyá tó gbé ọmọ olóṣù mẹ́sàn-án pọ̀n, tó ń tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ bọ̀ láti oko, kò mọ kde2d, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ohun tó yẹ kó bá nígbà tó bá dé ni nọ́ọ̀sì tó ti gbé tábìlì kalẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ sì wà nínú kúlà rẹ̀.